Ọ̀bọ̀kún àti Ẹni Tó Mú Un Wá

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kó lọ sí Kánádà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀ lójú iṣẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó ní láárí. Màá kàn ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo eléyìí." Kò sí ẹnì kankan tí mò ń pè ní "ẹ" yẹn. Èmi nìkan ló wà nínú yàrá, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kán omi sínú ike, àti àga kejì tí mo ti fi aṣọ bò kí eruku má bàa bà á.

Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kékeré kan ni tiwa, ní Lekki, lókè ilé tí wọ́n ti ń ta táìlì. À ń ka DNA àwọn ohun abẹ̀mí, a sì ń tò ó pọ̀. A pọ̀ díẹ̀ nígbà tí mo dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Bí ẹnìkan bá ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lórí fóònù lẹ́bàá àtẹ̀gùn, a ti mọ̀ pé físà ti jáde. A ó jẹ kéèkì, a ó ya fọ́tò, ó parí. Ọ̀rẹ́ mi ló lọ kẹ́yìn. Ó fi ife tíì rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, àti bàtà tó máa ń wọ̀ nínú ọ́fíìsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ mi tóbi ju tirẹ̀ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó lọ, omi tíì ẹni méjì ni mo gbé kaná kí n tó rántí.

Ọ̀gá wa ń gbé lókè òkun, a kì í rí wọn àfi lórí fóònù. Àwọn ló gbé iṣẹ́ ọ̀bọ̀kún lé mi lọ́wọ́. Ọ̀bọ̀kún yẹn náà ni, ẹja ọ̀sà tí ara rẹ̀ ń dán bíi fàdákà, tó ní irùngbọ̀n. Àwọn tó ń sin ẹja fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe lè máa sìn ín dáadáa nínú adágún, torí èyí tó kù nínú ọ̀sà ń dínkù. Ohun tí wọ́n nílò ni jínóòmù rẹ̀, ìyẹn gbogbo àkọsílẹ̀ tó wà nínú ẹja náà, tó ń sọ fún ara rẹ̀ bí yóò ṣe hu irùngbọ̀n, bí yóò ṣe mí nínú omi, bí yóò ṣe dàgbà. Ọ̀gá ní kí n wá ẹja kan tó ṣì wà láàyè, kí n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Bí mo ṣe dé Eleko nìyẹn. Àárín ọ̀sẹ̀ ni. Àwọn tó máa ń wá gbafẹ́ létí òkun kò sí, wọ́n ti to àwọn àga ike jọ lórí ara wọn, wọ́n sì fi okùn dè wọ́n. Ìgbà òjò ni, òkun ń ru. Wọ́n júwe bàbá àgbàlagbà kan fún mi, wọ́n ní bí òkun bá le báyìí, ọ̀sà tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún ni bàbá náà máa ń gbé àwọ̀n lọ. Mo bá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn tí wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sọ ohun tí mo bá wá.

"Ọ̀bọ̀kún tó wà láàyè," ni wọ́n wí. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ ni, sà."

Wọ́n gbójú sókè wò mí. "Ẹ̀jẹ̀ ẹja."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹran rẹ̀ ńkọ́?"

"Tiyín ni, sà. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ni mo fẹ́."

"Á jẹ́ pé kò burú," ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sídìí àwọ̀n wọn.

Lọ́jọ́ tí a jọ fi sí, mo dé etí ọ̀sà ní òwúrọ̀ pẹ̀lú kúlà tí mo ti da yìnyín sí. Bàbá ti dé ṣáájú mi. Ọ̀bọ̀kún ńlá kan wà nínú agbada omi lẹ́sẹ̀ wọn, ó ń yí bírí. Mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mo mú abẹ́rẹ́ jáde. Ẹni tó bá ti di ọ̀bọ̀kún mú rí mọ̀ pé ẹ̀gún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn rẹ̀, lọ́tùn-ún lósì, tó mú ju abẹ́rẹ́ dókítà lọ. Bàbá fi ọwọ́ lásán dì í mú fún mi. Bí abẹ́rẹ́ ṣe wọlé, ẹja náà jà, ẹ̀gún rẹ̀ sì gún wọn ní àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀jẹ̀ jáde, ó ń ṣàn wọ ara ẹja. Wọn ò tú u sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan wé e fún yín, sà."

"Gba èyí tí o fẹ́ gbà ná. Tí eléyìí bá bọ́, kò padà mọ́."

Mo gba ẹ̀jẹ̀ ẹja, mo dà á sínú ìgò kékeré, mo rì í mọ́ inú yìnyín. Bàbá fọ ọwọ́ wọn nínú ọ̀sà, wọ́n gbá ẹja náà mú, wọ́n ní kí a máa lọ sílé.

Ìyàwó wọn ló sè é. Obìnrin kékeré tí ohùn wọn ṣì ní Ìjẹ̀bú nínú, aṣọ funfun ìjọ Aládùúrà wà lórí okùn lẹ́yìn ilé wọn, buta àlùwàlá Bàbá sì wà nídìí ògiri kan náà. Wọ́n gbé abọ́ kan fún gbogbo wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti jẹun látinú abọ́ tí ọwọ́ ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Mò ń rọra bu òkèlè kí n má bàa tètè yó.

"O dá wá?" Ìyá bi mí.

"Mo dá wá, mà."

"Kò sẹ́ni tó ń bá ọ ṣe iṣẹ́ yìí ni?"

"Ẹni tó ń bá mi ṣe é ti rìnrìn àjò, mà."

"Àwọn tiwa náà ti rìn," ni Bàbá wí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn ń ṣiṣẹ́ ní èbúté ọkọ̀ ńlá tí ó wà níwájú, àwọn yòókù ti wọ ìgboro. Wọ́n fi orí ìka wá ẹran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn ẹja, wọ́n tì í sí iwájú mi. "Nígbà tí o bá ṣe é tán, ṣé ẹja á pọ̀?"

"Mi ò mọ̀, sà. Ó lè ṣẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn pé mi ò purọ́ fún wọn.

Láìpẹ́ sígbà yẹn ni Ọ̀gá ní kí n máa ṣiṣẹ́ láti ilé, pé kò nítumọ̀ kí a máa tan jẹnẹrétọ̀ fún ẹnì kan. Mo ka ẹ̀jẹ̀ ẹja náà tán ní Lekki, mo kó ẹrù mi, mo sì di ará ilé. Yàrá kan àti pálọ̀ ni mò ń gbé ní Ajah, ní òpópónà tí gbogbo ènìyàn rẹ̀ máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Bí wọ́n bá ti lọ tán, ó ku èmi, àti ọkùnrin kan tó ń rán aṣọ níwájú mọ́ṣáláṣí, àti ìró tírélà tó ń kọjá lójú títì.

Mo ní láti sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Ẹ̀rọ tí a fi ń ka DNA kò tóbi ju fóònù lọ, ṣùgbọ́n kò lè ka okùn DNA láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Okùn náà ti gùn jù, ó sì ti já sí wẹ́wẹ́ nígbà tí à ń yọ ọ́ jáde nínú ẹ̀jẹ̀. Àjákù ló ń kà, àìmọye àjákù, lẹ́tà mẹ́rin péré ló sì wà nínú gbogbo wọn, A, C, G àti T, tí wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn lónírúurú. Kò sí èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé òun ló ṣáájú. Kọ̀ǹpútà ni yóò máa wá ibi tí ìparí àjákù kan ti bá ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn mu. Bó bá rí i, á so wọ́n pọ̀, á tún wá èyí tó kàn, okùn á sì máa gùn. Létí, ó dà bí ohun tí kò le. Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà nínú okùn náà tí wọ́n jọra tó bẹ́ẹ̀ tí kọ̀ǹpútà kì í mọ̀ bóyá ibì kan ni àbí ibi púpọ̀. Níbẹ̀ ló ti máa ń so ohun tí kò kan ara wọn pọ̀, tàbí kó dúró kó ní òun ò lọ mọ́. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ wá fojú wò ó níbẹ̀, kó yí ètò padà, kó tún rán an níṣẹ́.

Kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́ náà kò sí lọ́dọ̀ mi. Ó wà ní ìlú tí mi ò dé rí, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń bá a sọ̀rọ̀. Màá rán an níṣẹ́, á sì máa ṣe é fún ọjọ́ púpọ̀. Èmi á jókòó. Màá fọ aṣọ, màá gbá ilé, màá tún padà wá wò ó bóyá ó ti parí. Ọjọ́ kan wà tí obìnrin tó ń ta búrẹ́dì kí mi lẹ́nu ọ̀nà ní ọ̀sán, tí mo fẹ́ dá a lóhùn, tí ohùn mi kò jáde. Mi ò tíì lò ó láti àárọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ń pè mí lójoojúmọ́ nígbà tó kọ́kọ́ dé ọ̀hún. Nígbà tó yá, ó di ìgbà tó bá ráyè. Mi ò bá a wí. Bí ó bá ń sọ nípa yìnyín tó ń já bọ́, èmi náà á máa wá nǹkan tí màá sọ, màá sì rí i pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ẹni tó ń pè mí láìyẹ̀ ni Bàbá. Wọn kì í pẹ́ lórí fóònù, bíi pé ẹnìkan ń lé wọn.

"Ṣé ẹja yẹn ti di odindi?"

"Ó kù díẹ̀, sà."

"Ìrù rẹ̀ ló kù àbí orí?"

"Kò rí bẹ́ẹ̀, sà. Gbogbo ibẹ̀ ló kù díẹ̀díẹ̀."

"Ó dáa. Má kánjú."

Wọn á ti pa fóònù.

Lẹ́yìn náà wọn kò pè mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo rò pé òkun ti rọ̀, pé iṣẹ́ ti dé. Mo fẹ́ bi wọ́n ní orúkọ ibi tí wọ́n ti da àwọ̀n gan-an lọ́jọ́ yẹn, torí ó yẹ kí a sọ ibi tí a ti mú ẹja. Mo pè ní ọ̀sán. Ìyá ló gbé e.

"Ẹ káàsán, mà. Bàbá ńkọ́?"

"Bàbá ti sùn."

"Ẹ má jí wọn, mà. Bí wọ́n bá jí, ẹ bá mi kí wọn, ẹ ní mo pè."

Mo gbọ́ adìẹ tó ń ké lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, wọn ò ní jí mọ́."

Mo rántí pé mo dìde dúró, bí ẹni pé àgbà kan wọlé. Ìyá ní àìsàn kan ló ṣe wọ́n, kò pẹ́, pé wọ́n ti sin wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n kú gan-an, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn. Mo ní màá wá kí wọn.

Kí n tó lọ ni kọ̀ǹpútà parí iṣẹ́ tí mo rán an. Ó ti so ẹja náà dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn okùn gígùn gígùn ti ń jáde. Bí ó sì ṣe máa ń rí, àwọn àjákù kéékèèké kan ṣẹ́kù tí wọn ò bá nǹkankan mu. Iṣẹ́ ni láti bi wọ́n léèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan: ta ni ọ́? Nígbà mìíràn kòkòrò inú omi ni, nígbà mìíràn aràn tó wà lára ẹja. Mo fi wọ́n wé ohun gbogbo tí wọ́n ti kà rí lágbàáyé. Èsì jáde. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ kòkòrò. Díẹ̀ nínú wọn jẹ́ ènìyàn.

Mo kọ́kọ́ rò pé èmi ni, pé bóyá ìbọ̀wọ́ mi ya. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn àjákù náà wá láti apá kan tí ọkùnrin nìkan máa ń ní lára, obìnrin sì ni èmi. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló fọwọ́ kan ẹja yẹn kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó wọ ìgò mi. Mo rí ọ̀sà, mo rí àtẹ́lẹwọ́ wọn tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tí wọn ò sì tú ẹja sílẹ̀. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

Òfin iṣẹ́ wa kò lọ́jú pọ̀. A ò gbọdọ̀ fi DNA ènìyàn kún ti ẹja gbé síta, nítorí orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni à ń gbé e sí, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á. A gbọ́dọ̀ pa á rẹ́, nínú èyí tí a ti tò àti nínú èyí tí a kò tíì tò. Kì í ṣe iṣẹ́ tó ń gba àkókò. Mo ti ṣe é fún oríṣiríṣi nǹkan mìíràn, mi ò sì ronú lórí rẹ̀ rí.

Lọ́tẹ̀ yìí mi ò lè ṣe é. Mo jẹun, mo padà wá, mi ò lè ṣe é. Ilẹ̀ mọ́, mo tún jókòó síbẹ̀. Mi ò wo inú rẹ̀ ju ohun tí mo ti rí lọ. Kò tọ́ sí mi láti wò ó. Mo kàn ń wo orúkọ tí kọ̀ǹpútà sọ wọ́n, nọ́ńbà lásán.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni.

"Yọ ọ́ dànù," ó ní. "Ìdọ̀tí ni."

Bí a ṣe ń pè é lẹ́nu iṣẹ́ wa nìyẹn. Ohun tí kì í ṣe ohun tí ò ń wá, ìdọ̀tí ni.

"Mo mọ ẹni náà," mo ní.

"O mọ̀ ọ́n?"

"Ẹni tó mú ẹja náà wá ni. Wọ́n ti kú."

"Pẹ̀lẹ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n o ṣì máa yọ ọ́."

"Mo mọ̀."

Mo wọ ọkọ̀ láti Ajah, mo gbé láptọ́ọ̀pù mi dání, mo sì forí lé Eleko. Ọjọ́ Àìkú ni. Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, sùtánà funfun ṣì wà lọ́rùn wọn, iyanrìn wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n ti gbé àwọ̀n Bàbá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Mo kí wọn kú ará fẹ́ra kù, mo gbé ohun tí mo mú wá kalẹ̀, a jókòó. Mo wá ọ̀nà tí màá gbà sọ ọ́, mi ò rí, mo kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

"Ìyá, DNA Bàbá wà lọ́wọ́ mi."

Ojú wọn yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fà sẹ́yìn lórí àpótí tí wọ́n jókòó lé.

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, mà."

"DNA tí wọ́n fi ń mọ bàbá ọmọ. Ọmọ ta ló wá? Tí obìnrin kan bá ní ọkọ mi bímọ fún òun, kó wá fúnra rẹ̀. Kó má rán ọ."

Ó yà mí lẹ́nu. Gbogbo ọ̀nà tí mo bá bọ̀, mi ò ronú kan ibẹ̀ rí. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo di ẹsẹ̀ wọn mú.

"Ìyá, kò sí ọmọ kankan. Kò sí obìnrin kankan. Ẹja yẹn ni. Ẹ̀gún rẹ̀ gún Bàbá lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo wá, ẹ̀jẹ̀ wọn kán mọ́ ti ẹja. Ìgbà tí mò ń ka ti ẹja ni mo rí díẹ̀ nínú tiwọn. Mo gbọ́dọ̀ pa á rẹ́. Mi ò fẹ́ pa á rẹ́ láìsọ fún yín."

Wọ́n wò mí títí. Nígbà tó yá, èjìká wọn wálẹ̀.

"Ó fi ọwọ́ yẹn hàn mí," ni wọ́n wí. "Mo fi òróró sí i." Wọ́n wo láptọ́ọ̀pù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ṣé ó mọ̀ pé òun wà níbẹ̀?"

"Rárá, mà. Kò mọ nǹkankan. Lẹ́tà lásán ni."

"Ṣé o lè fi mọ ohun tó pa á?"

"Rárá, mà. Kò tó nǹkan. Àjákù díẹ̀ ni. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni èyí tí ènìyàn kì í gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ló ti máa ń wá."

"Ti ìyá rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìyá rẹ̀ ni mo bá nínú ilé yìí," ni wọ́n wí, ojú wọn sì kúrò lára mi, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà. "Ó tọ́jú mi ju ẹni tó bí mi lọ." Wọ́n fi ìdí aṣọ nu iyanrìn kúrò lẹ́sẹ̀ wọn. "A wẹ̀ ẹ́, a wé e, a sin ín. Mo rò pé gbogbo rẹ̀ ló lọ."

Mo fa láptọ́ọ̀pù sún mọ́ra.

"Fi hàn mí."

Mo ṣí láptọ́ọ̀pù lórí àga. Mo ṣí ọ̀kan nínú àwọn àjákù náà, lẹ́tà funfun lórí ojú dúdú, ó kún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyá bọ́ ìborí wọn, wọ́n sún mọ́ ọn. Wọ́n mọ̀wé díẹ̀, ti inú Bíbélì àti ìwé orin. Wọ́n gbé ìka sókè láìkan ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Wọ́n ń pe lẹ́tà náà bí wọ́n ṣe ń pè é ní ilé-ìwé àwọn àgbà: "T. A. T. C. A." Wọ́n rọra ń kà á, wọn kò fo ìkankan. Wọ́n ka ìlà kan tán, wọ́n bọ́ sí èkejì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti dúró.

"Kò ní ìtumọ̀," ni wọ́n wí.

"Kò ní ìtumọ̀ tí a lè kà lẹ́nu, mà."

"Pa á rẹ́." Wọ́n gbé ọwọ́ sókè. "Dúró ná."

Wọ́n wọlé lọ. Mo rò pé àbẹ́là ni wọ́n lọ mú, torí mo mọ ìjọ wọn. Buta Bàbá ni wọ́n gbé jáde, wọ́n fọ ọwọ́ àti ojú wọn, wọ́n fọ ẹsẹ̀ wọn. Nínú sùtánà wọn, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú, wọ́n ní, "Bísímílà." Wọ́n sì ka Fátíhà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ti ń gbọ́ ọ láti inú yàrá kejì ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n fi ọwọ́ pa ojú.

"Bí òun ṣe máa ń ṣe é nìyẹn," ni wọ́n wí. "Ó yá."

Pípa ohun tó wà lórí láptọ́ọ̀pù rẹ́ kò pẹ́. Èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà òkèèrè ló dá wa dúró, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí nínú ilé. A gbé láptọ́ọ̀pù jáde, a kọjá sábẹ́ igi fúrúùtù, kò sí. A rìn títí a fi rí òkun. Níbẹ̀ ni fóònù mi ti mú un. Ìyá bá mi fi aṣọ ṣíji bo ojú kọ̀ǹpútà nítorí oòrùn, mo sì tẹ ohun tí mo ní láti tẹ̀. Kọ̀ǹpútà bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. A dúró. Ọkọ̀ òkun ńlá kan wà lókèèrè, ó ń dúró kó wọ èbúté, kò mira.

"Ó ti lọ, mà."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Wọ́n mi orí. A padà sílé, wọ́n gbé oúnjẹ fún mi, àwọn kò jẹ. Kí n tó lọ, mo bi wọ́n bóyá kí n kọ orúkọ Bàbá sára iṣẹ́ náà, pé àwọn ló mú ẹja náà wá. Wọ́n rò ó, wọ́n ní rárá. "Kọ ọ́ pé apẹja kan ní Eleko. Àwọn tó mọ̀ ọ́n á mọ̀."

Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ó gbà mí ní ìgbà díẹ̀ sí i láti tún àwọn ibi tó jọra wọn tò, títí okùn ọ̀bọ̀kún fi gùn débi tí kò tún lè gùn mọ́. Mo gbé e síta ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Kọ̀ǹpútà ní òun ti gbà á, ó ṣeun. Ọ̀gá kọ̀wé pé mo káre. Ọ̀rẹ́ mi fi àwòrán ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ ránṣẹ́. Mo dìde, mo ṣí fèrèsé, mo wo òpópónà. Kò sí ẹni tó ń kọjá.

Ìyá ti ń pè mí báyìí, ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Fóònù Bàbá ni wọ́n fi ń pè, orúkọ Bàbá ló sì máa ń jáde lójú fóònù mi. Mi ò tíì yí i padà. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n á ní òjò rọ̀ lọ́dọ̀ wọn, èmi á ní ó rọ̀ lọ́dọ̀ mi náà. Nígbà mìíràn a ó kàn dákẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa pa fóònù nínú wa. Mo máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí.

"Ṣé o ti jẹun?" wọ́n á bi mí.

"Mo ti jẹun, mà. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi náà ti jẹ."

Mo mọ̀ pé wọn ò tíì jẹ. Bóyá àwọn náà mọ̀ nípa tèmi.